Ìgò Méjìlá Tí Mo Kó Ránṣẹ́ sí Yunifásítì

Saeedah, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù aléékùm. Ṣé dáadáa lo wà ní Ìlọrin, ṣé o máa ń jẹun kí o tó jókòó ti ìwé? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ májèlé tí o fẹ́ fi di dókítà ìwé ràn ọ́. Àmín.

Ara ìyá rẹ le, ewúrẹ́ rẹ̀ ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n èmi kò rí oorun sùn láti Jímọ̀ tí o ti pè wá. N kò lè dáhùn lórí fóònù, nítorí mo gbọ́ pé àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń tẹ́tí sí i, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ sì ni.

O ní àyẹ̀wò ti jáde, pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ àgbẹ̀ méjèèjìlá, pé ó lè jẹ́ òògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ló fà á, àti pé ọ̀gá rẹ ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Saeedah, fara balẹ̀. Nígbà tí mo pín àwọn ìgò rẹ fún wọn, Mùsílíù alága wọn ló kọ́kọ́ dá tirẹ̀ padà. Ó ní Bàbá Saeedah, ṣé ọmọ tó tọ̀ sí òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́sí ló wá ń béèrè ìtọ̀ òun? Àwọn mọ́kànlá yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n dá tiwọn padà lófìfo.

Ẹ̀rù bà mí pé ìwé rẹ yóò dúró. Mo tún fọ́ọ̀mù rẹ kà, mo rí i pé a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ìgò, nọ́ńbà nìkan ni. Mo wá rò ó pé bí yunifásítì kò bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ín, kò burú bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹnì kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. N kò ṣe màgòmágó o: kí n tó ṣe ti Mùsílíù, kùnú ni mo mu, nítorí kùnú ló fẹ́ràn. Ọwọ́ òsì ni mo sì fi buwọ́ lùwé fún àwọn tí kò mọ̀wé.

Ìyá rẹ ti sọ èsì náà kárí abúlé. Mùsílíù ti jáwọ́ nínú ṣúgà, gàrí lásán ló ń mu, ojú rẹ̀ sì ti le sí gbogbo ayé. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ tẹ èsì náà jáde. Fi ìgò méjìlá mìíràn ránṣẹ́ kíá. Jìnnìjìnnì ti bá wọn, wọn kò ní kọ̀ mọ́.

Fi owó òògùn ṣúgà kún un. Má ṣe dààmú nítorí ènìyàn méjìlá, ti ẹnì kan ti tó. Ọlọ́run Ọba yóò jẹ́ kí ojú mi rí ọjọ́ tí wọn yóò dé fìlà dókítà fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hamzah,
nọ́ńbà kìn-ín-ní títí dé ìkejìlá.