Ẹ Gbà, Àlejò

Màámi ọ̀wọ́n,

Ṣé òtútù Èkìtì ò dà yín láàmú? Ara tèmi le koko ní Àgbádárìgì níbí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo rù, atẹ́gùn òkun ni. Ìjọba sójà ò tíì san owó oṣù àwa tíṣà, ṣùgbọ́n ẹja tútù ni mò ń jẹ bí ọmọ ọba.

Láàárọ̀ òní mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu. Níbẹ̀, ẹni tó bá bá àwọn apẹja fa okùn àwọ̀n wá sí etí òkun, wọ́n á fún un ní ẹja tirẹ̀. Èmi kàn lọ wòran ni. Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi yìí, àtẹ́lẹwọ́ mi ló bó.

Ìyá Sènámì, opó tó máa ń jókòó níwájú tí mo bá ń kọ́ni ní Bíbélì ní ìjọ wa, wà nídìí okùn náà. Ìyá náà kígbe pé, "Tíṣà wa!" Mo jọ̀wọ́ okùn, mo fa fìlà bojú. Mo ní, "Èmi kọ́ o. N ò mọ̀ yín rí." Mo sì yára kúrò níbẹ̀.

Mo ti dé ìdí ọkọ̀ kí n tó gbóhùn Ìyá Sènámì lẹ́yìn mi. Wọ́n da gbogbo ẹja inú igbá wọn sínú àpò mi.

Wọ́n ní, "Ẹ gbà, àlejò. Jésù fẹ́ràn yín."

Mo ti jẹ ẹ́ tán, Màámi. Ó dùn.

Ọ̀la ni mo máa kọ́ ìjọ nípa ìfẹ́. Ẹ bá mi kí ẹgbẹ́ akọrin yín. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ Olúwa ń lọ dáadáa lọ́wọ́ mi.

Ọmọ yín,
Adékọ́lá