Apá Kejì Ti Jáde, Bàbá

Bàbá mi ọ̀wọ́n, onítẹ̀wé Bajulaiye,

Apá kejì ti jáde. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn ká ní ẹ lè bi mí ní nǹkan kan, ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ kí n tó béèrè àlàáfíà yín. Eré ọmọbìnrin tó ń tún agboòrùn ṣe, èyí tí a jọ wò ní pálọ̀ ilé wa ní Ladi-Lak nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò gbé yín dé ìdí ẹ̀rọ mọ́, àwọn ará Jàpáànù tó ni ín ti rántí rẹ̀. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Mo ti rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, màá sọ fún yín, ṣùgbọ́n kò ní dùn mọ́ yín.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ ní kì í ṣe iṣẹ́. Mò ń wo ánímè, eré àwòrán àwọn ará Jàpáànù, mo sì ń fi Yorùbá sọ èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa nínú wọn fún àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kátúùnù ni ẹ máa ń pè é. Ẹ ní àgbàlagbà tó ń wo kátúùnù dà bí ẹni tó ń fi ìgò ọmọ mu ògì. Àwọn tó ń gbọ́ mi ti pọ̀ sí i báyìí o, kì í sì í ṣe torí pé mo gbọ́n. Ẹnu mi tó burú ni wọ́n ń wá gbọ́. Tí mo bá bú eré kan tán, ẹni tó ṣe é máa fẹ́ padà sínú ìyá rẹ̀. Ẹnu yín ni. Ibo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn?

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń yẹ ìwé wò. Ẹ ó ti àtàǹpàkò bọ ẹnu, ẹ ó fà á kọjá lórí íńkì, ẹ ó gbé ìwé náà sójú fèrèsé, ẹ ó wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni gbogbo ọmọṣẹ́ ń bẹ̀rù. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi Kúnlé tẹ káàdì ìgbéyàwó kan tí àwọ̀ pupa ṣàn wọ ojú ìyàwó, ẹ bi í léèrè bóyá ìgbéyàwó ni wọ́n ń pe èèyàn sí tàbí ìjàǹbá ọkọ̀. Kúnlé sunkún lọ́jọ́ náà, ó sì ti ní irùngbọ̀n. Àwọn àjákù ìwé tí ẹ̀rọ bá gé kù, ẹ máa ń di wọ́n pọ̀ fún mi kí n fi yàwòrán. Mo ya àwọn ọmọ olójú ńlá sí i, mo fi ẹ̀rín gbé e wá bá yín. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ ẹnu, ẹ wò ó sójú fèrèsé, ẹ ní ojú wọn tóbi ju ọgbọ́n wọn lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ṣì ń lo ọ̀rọ̀ yẹn? Ánímè tí mo ti fi bú kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ń wò mí rò pé èmi ni mo ni ín.

Nígbà tí àìsàn wá dá yín jókòó, Màámi ti kú tipẹ́, Kúnlé ti gba ìdí ẹ̀rọ, ó wá ku èmi àti ẹ̀yin nílé lọ́sàn-án. Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí ògiri tí mo bá ti mú fóònù jáde. Nígbà tó yá, ẹ bi mí, bí ẹni tí kò bìkítà, pé ṣé ọmọ alágboòrùn yẹn ti rí ọ̀gá rẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ eré máa ń sáré ju ojú yín lọ, èmi ni mo wá ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín: ìlú tí òjò kì í dá, ọ̀gá kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró, ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá náà fi sílẹ̀ láìdágbére, tó wá ń rìn nínú òjò láti wá a. Ẹ bú ọmọ náà bí ẹni pé ìdí ẹ̀rọ yín ló ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ ní ó ń rìn bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n tí mo bá pẹ́ nílé ìdáná, ẹ ó máa wúkọ́ kí n lè tètè wá.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn, eré tán. Mo sọ fún yín pé ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí, pé kò sí apá kejì, pé ọ̀pọ̀ ánímè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa tì, àwa tó fẹ́ràn wọn á kàn máa retí. Inú bí yín gidi. Ẹ ní: “Ẹni tí kò bá ní parí iṣẹ́, kó má fọwọ́ kàn án.”

Ẹ̀yin náà wá lọ ṣe é.

Ọjọ́ tí ẹ ní kí wọ́n pè wá jọ kí ẹ lè wúre fún wa, Màmá Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbọ́n yín, ló gbé yín jókòó tó fi ìrọ̀rí tì yín lẹ́yìn. Ẹ gbọ́wọ́ lé Kúnlé lórí. Ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ní bàjẹ́, ẹ ní yóò kọ́lé, ẹ ní yóò bí ọmọkùnrin. Ó ṣe àmín títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá kàn mí. Mo kúnlẹ̀, ọwọ́ yín balẹ̀ sí mi lórí, ó gbẹ, ó sì wúwo. Ẹ ní: “Ìwọ ní tìrẹ...” Ikọ́ dé. Wọ́n sáré lọ bu omi. Kí omi tó dé, ẹ ti sùn lọ, nígbà tí ilẹ̀ sì máa fi mọ́, ẹ ti kú. Gbogbo ogún tí mo jẹ lọ́dọ̀ yín nìyẹn.

Ìwọ ní tìrẹ, kí ni, Bàbá? Ṣé ẹ fẹ́ ní ọ̀nà mi á là ni, àbí ẹ fẹ́ bú mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó máa lọ? Mo ti gbé e sójú fèrèsé títí. Mi ò lè sọ bóyá ohùn yín rọ̀ tàbí ó le, torí ikọ́ ti gba inú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò fi èmi ṣíwájú? Èmi ni mo ń gbé ìgbẹ́ yín dà.

Ní ti Màmá Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro o. Lójú tiwọn, ẹni tí bàbá rẹ̀ ò wúre fún, kò sí ohun tó máa yẹ ẹ́. Nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi yí ohùn padà, inú àgbàlá ni wọ́n ti sọ ọ́, níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń fọṣọ, pé kì í ṣe ẹ̀bi ọkùnrin náà, Bàbá ò parí tèmi ni. Olè já fóònù gbà lọ́wọ́ mi ní Bariga, Màmá Ìjẹ̀bú ní kí n má ṣépè fún un. Kódà nígbà tí eyín ń dùn mí, wọ́n wò mí, wọ́n mi orí. Kúnlé ní tirẹ̀ ti kó lọ sí Obanikoro. Pupa ṣì ń ṣàn wọ ojú ìyàwó nínú àwọn káàdì tó ń tẹ̀ o, Bàbá, ṣùgbọ́n ọmọ oníre ni, oníbàárà kì í rí i.

Ìyàwó Kúnlé wá bí ọkùnrin. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn ikú yín bí kò ṣe Babátúndé? Lọ́jọ́ ìkómọ, Màmá Ìjẹ̀bú gbé e lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ní Bàbá ti dé, kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ mi. Mo sì kúnlẹ̀! Èmi tí mò ń bú gbogbo Jàpáànù, mo kúnlẹ̀ bẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọmọ náà figbe ta, ó tọ̀ sí mi láṣọ. Màmá Ìjẹ̀bú mí kanlẹ̀. Wọ́n ní: “Inú wọn ò tíì yọ́ sí ọ.”

Láti ìgbà náà ló ti rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé Túndé fún mi, gbogbo ilé á dákẹ́, wọ́n á máa wò ó lẹ́nu, ọmọ náà á wo ojú wọn káàkiri, á wá bú sẹ́kún. Ta ni kò ní sunkún? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Kúnlé. Ó ní kí n ní sùúrù, pé Bàbá máa ń pẹ́ bínú.

Mo wá dórí ọ̀rọ̀ apá kejì. Ẹ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, ó wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, ó bi í pé ta ni. Kò dá a mọ̀. Ó gbé agboòrùn kan tó ti ya lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun tún un ṣe, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó tán. Ìyókù eré náà, ìjà ló kún inú ẹ̀. Àwọn mìíràn ni wọ́n gbé e fún láti ṣe, kì í ṣe àwọn tó ṣe ti ìṣáájú. Orúkọ ni wọ́n gbà, wọ́n gba aṣọ ọmọ náà, wọn ò gba ọkàn rẹ̀. Mo jókòó síwájú kámẹ́rà, mo bú wọn bí ẹ̀yin náà ì bá ṣe bú wọn. Mo ní òjò ò pa ẹnikẹ́ni rí nínú àwọn tó ṣe é. Àwọn tó ń wò mí rẹ́rìn-ín títí. Èmi lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń sunkún rẹ̀.

Sunday tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Obanikoro. Ahọ́n Túndé ti ń là báyìí. Ìyàwó Kúnlé ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé, lílé adìẹ ni iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe láti àárọ̀. Màmá Ìjẹ̀bú ti gbé e ka orí àga, wọ́n dé fìlà yín fún un, èyí aláwọ̀ àyìnrín, ó bò ó lójú dé imú. Wọ́n ní wọ́n ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́wọ́ léni lórí. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Kúnlé pa tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi kúnlẹ̀. Ẹni tó ń retí apá kejì, èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé jáde ló máa wò. Ọwọ́ kékeré yẹn balẹ̀ sí mi lórí, ó gbóná, ó ní bísíkíìtì lára. Mo di ojú. Bàbá, mo dúró de ohùn yín. Ó ní: “Lọ!”

Ìyàwó Kúnlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ohun tí Túndé ń sọ fún adìẹ látàárọ̀ nìyẹn, ó sọ ọ́ fún fáànù, ó sọ ọ́ fún pásítọ̀ tó wá kí wọn. Màmá Ìjẹ̀bú ò tiẹ̀ wo ibi tó wà. Wọ́n bọ́ fìlà lórí ọmọ náà, wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú báàgì wọn. Wọ́n ní: “Wọ́n ti sọ ọ́. Ó parí.”

Ó dùn mí. Ó dùn mí ju ọjọ́ tí ẹ kú lọ. Mo dìde, mo mú báàgì mi, mo kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀. Mo ti dé géètì nígbà tí mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn mi. Túndé ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó ń sáré bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ń pariwo pé kí n gbé òun. Ó ṣubú, ó dìde, ó ṣì ń nawọ́. Kò sunkún bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé mi rí. Mo yíjú padà, mo wo Màmá Ìjẹ̀bú, mo ń dúró kí wọ́n sọ ẹni tó ń pè mí.

Wọ́n ní: “Ẹ gbé e wọlé, ọmọdé ni. Oorun ló ń kùn ún.”

Kúnlé gbé e wọlé.

Nítorí náà, Bàbá, wọ́n ti parí tèmi fún mi, àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yin. Mi ò gbà á. Mo ti bú u nínú ọkàn mi, mo ní òjò ò pa wọ́n rí. Àwọn èèyàn ń bi mí lórí ìkànnì mi pé ṣé apá kẹta máa wà, mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e padà fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní eyín yẹn ti sàn. Ìwọ ní tìrẹ, kí ni, Bàbá mi? Bó jẹ́ èébú náà ni, ẹ sọ ọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.