Koríko Lára Ìbọ̀sẹ̀ Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà ọ̀rọ̀ onílé-jilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ọkọ mi náà ń gbọ́ ètò yín.

Alágbàfọ̀ ni mí, kò sí ìdọ̀tí tí mi ò dá mọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ọmọdé àdúgbò wa. Iyanrìn pupa ni pápá tiwa. Ṣùgbọ́n láti oṣù méjì sẹ́yìn, àbàwọ́n koríko ni mò ń fọ̀ lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ara fu mí. Mo bi í, ó ní, "Màámi, Dádì ní kí n má sọ."

Ni mo bá lọ sí àdúgbò kejì tó ní pápá koríko. Ọmọ mi ni mo rí tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Mo ní ṣebí òfin ni pé àdúgbò tí ọmọ bá ń gbé ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Kóòṣì ní, "Ẹ má bínú, mà, bàbá ẹ̀ ti mú bíìlì iná ilé yín wá." Ó fi hàn mí. Ilé kan ládùúgbò yẹn ni, orúkọ ọkọ mi sì wà lórí ẹ̀ gàdàgbà.

Olóòtú, nílé tí à ń gbé, orúkọ tèmi ló wà lórí bíìlì. Ọkọ mi ló ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun máa wà káàkiri.

Mi ò tíì bi í. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ta ló ń tan iná nílé yẹn?