Koríko tó Dí Ọ̀nà Youpwè

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ̀yin lẹ máa ń gbàdúrà pé kí a lékè bí ojú oró ṣe ń lékè omi. N kò lè ṣe àmín sí i mọ́. Koríko olódòdó àlùkò tó bo odò wa náà lékè, òun ló sì há ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí a ń gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi àdá gé e, wọ́n ń bú u. Mo di ọwọ́ yín mú títí ó fi tutù. Ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn mi nígbà yẹn? Gèlè yín tó ń rùn fún èéfín ẹja ṣì wà lọ́dọ̀ mi, n kò tíì fọ̀ ọ́.

Mo ti mọ ibi tí koríko náà ti ń wá. Ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ létí omi, lókè ibi tí ẹ ti ń yan ẹja ní Youpwè, ló ń ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa fi ọ̀pá tì í kúrò níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí omi bá ń fà padà sí òkun. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbá jọ sí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ló fi mí rín, ó pè mí ní arábìnrin rẹ̀: "Ma sœur, ṣé èmi ni mo dá omi ni?"

N kò bú u. Mo kó àwọn ọlọ́kọ̀ jọ. A fi àdá sílẹ̀, nítorí èyí tí a bá gé sínú omi, ṣe ló tún ń hù. A ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a ń kó o sórí ilẹ̀, a ń dojú gbòǹgbò rẹ̀ kọ oòrùn. Nígbà tí ọ̀dọ̀ wa mọ́, a so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ okùn àti àwọ̀n, a fi dí ẹnu odò wa. Koríko tí ọkùnrin yẹn bá tì wá kò ríbi wọlé mọ́. Bí òkun bá kún, omi á gbé e padà fún un.

Kò pẹ́ tó fi bo àtẹ̀gùn rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ kò ríbi gúnlẹ̀. Ó wá bẹ̀ wá: "Pardon, ẹ tú okùn yẹn díẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ pè é ní ọ̀gá, ó dá a lóhùn: "Patron, ọ̀pá yín dà?"

Mo ní a kò ní tú u, ṣùgbọ́n a ó kọ́ ọ bí a ṣe ń tu koríko, bí òun fúnra rẹ̀ bá wọ omi. Ó wọ̀ ọ́ dé àyà. Mo dúró sétí odò, mò ń nàka sí gbòǹgbò tó já bọ́, ó ń padà lọ mú un. Nígbà tó jáde, ó dúpẹ́ pé mo ní sùúrù. Inú rere ló pè é.

Lọ́la, ọkọ̀ wa ni yóò gbé e gba ojú odò yìí kọjá. N ó ní kí wọ́n dúró níbi tí ẹ̀mí ti bọ́ lára yín, n ó sì sọ fún un, lójú ẹ̀, ẹni tí koríko rẹ̀ pa. Ṣé ẹ ó bínú sí mi?

Èmi ni, ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò jẹ́ kó lè dárí jì í.