Ọtí Tí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Tọ́ Wò

Olóòtú wa, okun o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ọdún àkọ́kọ́ mi nìyí nílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pọn ọtí ọkà bàbà tà ní Kàbà. Kó tó tà á, àwọn oníbàárà á ní, “Mu tìrẹ ná.” Yóò mu igbá kékeré kan lójú wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀. Nígbà tó lóyún, ó ní, “Nọ́ọ̀sì wa, ṣé díẹ̀ yìí ò lè ṣe ọmọ ní nǹkan?” Wọn kò tíì kọ́ wa nípa rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò léwu.

Ọmọ náà kéré, kò sì pẹ́ láyé. N kò mọ̀ bóyá ọtí ni. N kò tilẹ̀ sunkún.

Ó ti tún lóyún, ó sì tún bi mí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kó jẹ́ kí n bèèrè. Ẹ̀yin ni mo ń bi.