Ìyá Rẹ Ti Wọ Inú Gẹ̀ẹ́sì Mi

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ tó ń fi ọpọlọ jẹun nílùú ńlá,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí àìsàn. Kí ọ̀gá rẹ máa rí ọ kó máa rẹ́rìn-ín. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, mo dúró dè ọ́. Ó dáa. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. Ìyá mi, ìyá àgbà rẹ, ṣì ń fi etí ara wọn gbọ́ gbogbo ohun tí kò kàn wọ́n. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ò jò mọ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan jọ àbúrò mi ọkùnrin lójú, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún un.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. O mọ̀ pé iṣẹ́ káfíńtà ò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, àga oníke ti gba ọjà lọ́wọ́ wa. Oṣù tó kọjá ni àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn fẹ́ ogójì bẹ́ǹṣì fún ilé-ìwé, pé káfíńtà tó bá fẹ́ ṣe é kó wá gba fọ́ọ̀mù, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ogójì bẹ́ǹṣì, ọmọ mi! Mi ò sọ fún ìyá rẹ, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, màá ta ayùn ńlá, màá sì lọ máa ṣọ́ géètì fún olówó. Èmi àti Ìwé-Kò-Tán, káfíńtà òdìkejì títì, la jọ gba fọ́ọ̀mù. Ìwé-Kò-Tán ni wọ́n ń pè é torí pé kì í jáde láìfi ìwé há abíyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i kó ṣí i rí.

Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ìlò ọ́fíìsì nìkan. Èmi kì í ṣe aláìgbọràn. Ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe ọ́fíìsì, ni mo bá gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wọ́n yá mi ní etí tábìlì kan kí n lò ó níbẹ̀. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní kí n lọ bá tíṣà tó ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Ọmọdébìnrin ni tíṣà náà, kò lè jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀wé bí ẹni fi í ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé olùwà ni yóò sọ bí ọ̀rọ̀-ìṣe yóò ṣe rí. Etí mi tí ayùn ti ń han sí láti kékeré, Olúwa ló gbọ́, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ ló sì gbọ́. Mo ní háà, òótọ́ ni, Olúwa nìkan ló lè sọ bí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ wa yóò ṣe rí. Mo dìde, mo ké àmín, mo sì fi àdúrà tì í fún gbogbo kíláàsì. Ẹni mẹ́rin ló bá mi ṣe àmín. Ìgbà tí mo jókòó ni tíṣà rọra ṣàlàyé pé ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn ni olùwà, ohun tó ń ṣe ni ọ̀rọ̀-ìṣe, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan.

Ó ní tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀-ìṣe á gbé lẹ́tà ẹ́sì, "s", sẹ́yìn. Tí wọ́n bá pọ̀, ẹ́sì á bọ́ sílẹ̀. Ó yé mi kíá. Ẹrù ni. Ẹni tó dá wà ló ń ru ẹrù, àwọn tó pọ̀ ti rí ibi gbé e sọ̀. Ó wá ní kí a lọ kọ gbólóhùn kan nípa ẹni tó wà nílé wa. Mo wo ìyá mi lórí ẹní, mo kọ ọ́ pé "My mother are sleeping." Tíṣà fi bírò pupa fà á. Ó ní "is" ló yẹ kó jẹ́, torí ẹnì kan ni wọ́n. Mo ní ẹnì kan ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi, mi ò sì lè torí bẹ́ǹṣì máa bú ìyá mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní bàbá, ẹ má bínú, Gẹ̀ẹ́sì kì í ka ewú, orí ló ń kà. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyá mi, wọ́n ní kò burú, ẹni tí kò bá mọ àwọn kó ka àwọn sí ọ̀kan.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ náà ti di tíṣà o. Bí mo bá ti tẹ Gẹ̀ẹ́sì sínú rẹ̀, á fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo sọ fún un pé ọmọ mi ló rà á, pé inú ilé mi ló ń sùn, ó tún fà á. Mo bá da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, kó lọ ronú sí ìwà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ nìyí. Fọ́ọ̀mù béèrè pé ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo kọ ọ́ pé "I makes benches." Tíṣà ní kí n yọ ẹ́sì kúrò. Mo ní ẹnì kan ṣoṣo ni mí, ẹ́sì mi dà? Ó ní "I" kì í gba ẹ́sì. Ìyá rẹ, tó gbé awò ojú mi tí mo gbàgbé wá, ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè pé kí ni mo kọ. Mo ní mo kọ ọ́ pé èmi ni mò ń ṣe bẹ́ǹṣì. Ó ní èmi wo nìyẹn? Ó ní ọwọ́ ta ló ń fi sáńpépà ha pákó láti ọdún mọ́kànlélógún? Ta ló ń kùn ún ní fáníìṣì? Nígbà tí ẹ̀yìn dá mi dùbúlẹ̀, ta ló lọ wọn ilẹ̀kùn ilé alágbàfọ̀? Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, Gẹ̀ẹ́sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé awò lé orí tábìlì, ó lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fọwọ́ kan sáńpépà. Ó ń kí mi, ó ń fún mi lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò sí nínú gbólóhùn, òun ò lè sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan wá wo kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lára, ẹ̀gún igi gún un, ó ní òun ń pa dà bọ̀, títí di òní a ò rí i. Mo mú sáńpépà fúnra mi. Kí n tó ha ẹsẹ̀ àga kan tán, apá mi ti wúwo bí òkúta. Mo jókòó sórí èérún igi, ojú tì mí. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí ìyá rẹ ń ṣe. Mi ò kàn sọ ọ́ síta rí ni.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ mo bá tíṣà, mo ní bí mo bá fi ìyàwó mi kún un, ṣé kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ́, ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe ò ní yí pa dà? Ó ní kò ní yí pa dà rárá. Bí mo bá dá ṣe é, "make" ni. Bí àwa méjèèjì bá jọ ṣe é, "make" náà ni. Ọmọ mi, ẹnu yà mí. Gbogbo ìjà ọjọ́ mẹ́ta yẹn, fífi ìyá rẹ kún un kò ná mi ní lẹ́tà kan lára ọ̀rọ̀-ìṣe. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé "My wife and I make benches," mo gbé e lọ bá a nídìí ẹran rẹ̀. Ó ní kí n fi ìka tọ́ ibi tí òun wà. Mo fi ìka tọ́ "wife." Ó ka lẹ́tà rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rin. Ó ní èmi ńkọ́? Mo fi "I" hàn án, ẹyọ kan, tín-ín-rín bí ìṣó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kí n gbé sáńpépà wá.

Obìnrin kan ti ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ wá ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀dọ̀ Ìwé-Kò-Tán ló kọ́kọ́ yà sí. "We makes benches" ni ọkùnrin náà kọ sí fọ́ọ̀mù, kó lè dà bíi pé ilé iṣẹ́ ńlá ni tirẹ̀. Obìnrin náà ní àwọn yòókù dà? Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Obìnrin náà ní òun á dúró dè wọ́n, ó jókòó títí oòrùn fi yí, ẹnì kan ò dé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, èmi wà nídìí ìfági, ìyá rẹ wà nídìí sáńpépà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa bẹ́ǹṣì láti orí dé ìdí, ó wo fọ́ọ̀mù, ó wo àwa méjèèjì, ó mi orí pé ó dáa. Lọ́jọ́ Ajé iṣẹ́ di tiwa.

Ìyá rẹ ní ogójì bẹ́ǹṣì ju ọwọ́ mẹ́rin lọ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wọlé, kí n lọ pe Ìwé-Kò-Tán. Mo kọ́kọ́ fajú ro, mo sì lọ. Ó ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìjẹta. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìṣó rẹ̀ ń wọlé tààrà.

Ìyá rẹ náà ti wọ kíláàsì o. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni "My husband makes noise." Tíṣà fún un ní máàkì pípé, ó ní ẹ́sì jókòó síbi tó yẹ. Mo ní ẹ́sì jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni gbólóhùn náà. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, bí òótọ́ bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó fáníìṣì gálọ̀nù mẹ́ta ránṣẹ́, torí ìgbà tí a bá kó bẹ́ǹṣì dé ilé-ìwé ni wọ́n tó máa san tiwa. Fi awò ojú ti ìyá rẹ náà kún un. Àwa méjèèjì ò lè máa pín ẹyọ kan lò nínú kíláàsì kan náà, ó ń já a gbà lójú mi bí tíṣà bá ti kọ nǹkan sára pátákó.

Ẹni tí o máa fẹ́, kó jẹ́ ẹni tí ẹ ó jọ máa ṣiṣẹ́, tí yóò máa pe orúkọ rẹ kó tó pe tirẹ̀. Ibi tí o bá fọwọ́ lé, kó dán. O ò ní fi ọjọ́ ọ̀la rẹ ṣọ́ géètì ẹlòmíràn. Àwa tí a bí ọ, a ó jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti ṣe àmín ìgbà mẹ́rin, ó sì ní kí n fi ààyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, òun náà fẹ́ fọwọ́ sí i.

Àwa ni,
Ìyá rẹ àti bàbá rẹ.