Ohun Tí Mo Gé Kúrò Nínú Orin Yín

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, àti pé èjìká òsì tó ń ro yín ti fúyẹ́.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni mo fi ń tó yín létí pé ìdérí kẹ́tù wa ti sọnù. A wá a títí. Màmá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí títí a ó fi rí i.

Níbi tí a ti ń wá a ni Màmá ti tú àpò aṣọ iṣẹ́ káfíńtà Bàbá, èyí tó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ìwé ìwọlé gbọ̀ngán orin la bá níbẹ̀, ti ọjọ́ tí ẹ síwájú ẹgbẹ́ olórin ta orin fáólìnì ayé àtijọ́, ti ìgbà tí àwọn ọkùnrin ń dé irun àtọwọ́dá bíi ti adájọ́. Ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá ni.

Ẹ rántí ohun tí Bàbá sọ nígbà tí ẹ yan fáólìnì: "Igi tí káfíńtà bá fi ṣe àga, èèyàn á rí nǹkan jókòó lé. Èyí tìẹ ńkọ́?" Títí ó fi kú lẹ gbà pé kò wá gbọ́ yín rí.

Ó wá. Èmi ni mo pa ẹ̀rí rẹ̀ rẹ́.

Èmi ni iléeṣẹ́ àwo orin tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kí n fọ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin wa ni pé ohun tí kì í bá ti ṣe orin, ìdọ̀tí ni. Ní ìpín kejì tó ń falẹ̀, fáólìnì yín á sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dáhùn wẹ́rẹ́ bí ẹni ń ṣìpẹ̀ fún ọmọ. Bó ṣe parí, ẹnì kan lẹ́yìn gbọ̀ngán pátápátá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Mo gé e. N kò dá ohùn náà mọ̀. N kò gbọ́ kí Bàbá rọra sọ nǹkan rí.

Mo sì ti pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí n kò tíì gé rẹ́, kí ààyè lè wà lórí kọ̀ǹpútà. Ní àràárọ̀ ni mo ń gbọ́ àwo náà. Ó dùn, ó mọ́ tónítóní. Tí ó bá dé ibẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, torí kò sí ẹ̀rí mìíràn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ̀n lórí okùn. Kí ẹ rí ẹni jókòó síwájú fún yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń kábàámọ̀,
Elétí-Ehoro.

Àfikún: Ìwé yìí dé láti ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí. Mo dà á kọ bó ṣe wà:

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ÒṢÌṢẸ́. Inú àwọn aláṣẹ dùn láti sọ pé àwo fáólìnì wa ti gba àmì-ẹ̀yẹ ọdún yìí, nítorí pé a kò gbọ́ ohùn ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Kí ẹni tó fọ̀ ọ́ wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní yàrá kẹta. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà.